Láti Wọ́ọ̀dù sí Láàbù: Ìtọ́sọ́nà fún Dókítà Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Abẹ, Tó sì Fẹ́ Ṣe Ìwádìí lórí Ara Wíwú àti Àjẹsára

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn yunifásítì máa ń dá iṣẹ́ wọ́ọ̀dù dúró lẹ́yìn ọdún kejì tàbí ìkẹta, wọ́n á sì lọ lo ọdún kan sí mẹ́ta nínú láàbù. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà púpọ̀, ọgbẹ́ nìkan kọ́ ló ń pa ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí ọkọ̀ gbá tàbí ẹni tí iná jó. Ìjà tí ara fúnra rẹ̀ gbé dìde ló máa ń kọjá ààlà, tàbí kó rẹ ara kí kòkòrò tó tán. Tí a bá ń sọ pé ara ń wú níbí, gbogbo ohun tí ara ń ṣe sí ọgbẹ́ àti kòkòrò là ń sọ: kó pọ́n, kó gbóná, kó wú, kó máa roni, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ń ṣe lábẹ́ rẹ̀. Tí a bá sì pe àjẹsára, agbára tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò là ń sọ, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ máa ń yá, ojú rẹ̀ sì máa ń ríran. Wàhálà rẹ̀ nínú láàbù ni pé ó ti mọ́ ọn lára láti máa yí ọ̀nà padà bí aláìsàn kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí. Eku ogún tí wọ́n ṣe ní ọ̀nà ogún kò lè sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí ń lé láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni bí ẹ ó ṣe máa ṣe ohun kan náà, lọ́nà kan náà, kí ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí lè jẹ́ ti ohun tí ẹ ń dán wò.

Owó, ìwé àti ọ̀gá

Ẹ kọ́kọ́ yanjú owó, ó kéré tán ọdún kan kí ẹ tó fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀. Owó tí a mọ̀ jù lọ́hùn-ún ni T32, tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ń fún ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ yunifásítì láti fi kọ́ àwọn dókítà ní ìwádìí. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card nìkan ni òfin rẹ̀ gbà láàyè. Ẹni tó wà lórí físà J-1 tàbí H-1B kò lè gbà á, nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà lọ, ẹ tètè bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka yín bóyá owó mìíràn wà. Ohun kejì: oṣù méjìlá àkọ́kọ́ tí dókítà bá fi gba owó yìí, gbèsè ni. Oṣù kọ̀ọ̀kan ni yóò fi oṣù kan iṣẹ́ ìwádìí tàbí ìkọ́ni san padà. Bí ó bá dúró lórí owó náà títí di oṣù kẹtàlá, láti ìgbà náà lọ ni oṣù kọ̀ọ̀kan yóò ti máa pa oṣù kan rẹ́ nínú gbèsè. Ẹni tó lo ọdún méjì gbáko ti san án tán. Ẹni tó lo ọdún kan péré tó padà sí wọ́ọ̀dù ṣì jẹ ẹ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé láìmọ èyí.

Ní ti ọ̀gá láàbù, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni yóò dúró tì mí lójoojúmọ́ tí yóò kọ́ mi lọ́wọ́? Àdánwò wo ló ń ṣiṣẹ́ níbí lónìí, tí wọ́n lè fi hàn mí lọ́sẹ̀ yìí? Kí ni àwọn résídẹ́ǹtì tó ti kọjá níbí tẹ̀ jáde, ó sì gbà wọ́n ní ọdún mélòó? Lójú tiwa, láàbù kékeré tí ọ̀jáfáfá kan wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lójoojúmọ́ dára ju ti gbajúmọ̀ tí kì í sí nílé lọ. Ẹni tó ní ọdún méjì péré kò ní àkókò láti dá àdánwò tuntun sílẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí ẹ ó wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹranko, IACUC, kí ẹ tó fọwọ́ kan eku kan ṣoṣo. Tí ẹ ó bá gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwádìí lórí ènìyàn, IRB, ni. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tún wà lórí kẹ́míkà, lórí ẹ̀jẹ̀ àti kòkòrò, pẹ̀lú àyẹ̀wò ara yín fúnra yín nítorí àwọn tí irun eku ń bá jà. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tó wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí yóò fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ jókòó lásán. Àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí á béèrè bí ẹ ṣe ronú lórí ìlànà tí Russell àti Burch gbé kalẹ̀ ní 1959: ṣé ẹ lè ṣe é láìlo ẹranko, ṣé ẹ lè dín iye rẹ̀ kù, ṣé ẹ lè dín ìrora rẹ̀ kù? Ẹ dáhùn tọkàntọkàn, nítorí ìdáhùn yẹn náà ni yóò tún àdánwò yín ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: pìpẹ́ẹ̀tì àti ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eku. Ẹ gbé ìwọ̀n kékeré kalẹ̀, ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì gbé 100 µL omi mímọ́ sínú ife rẹ̀, ẹ ka ìwọ̀n, ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá. Nínú yàrá tí kò gbóná jù, 100 µL omi yóò wọ̀n tó 100 mg. Bí èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù bá fi ju 2 sí 3 mg jìnnà sí i, ọwọ́ yín kò tíì dúró. Ohun tó máa ń fà á ni kí ènìyàn já bọ́tìnnì òkè sílẹ̀ lójijì, tí afẹ́fẹ́ á wọlé, tàbí kó dá pìpẹ́ẹ̀tì sùn nígbà tó ń fa omi. Ẹ fa omi wọlé kí ẹ tú u jáde lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu ike kọ́kọ́ rin, ẹ wá gbé èyí tí ẹ fẹ́ lò. Lẹ́yìn náà ẹ gbìyànjú 10 µL, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ara yín.

Ìwé àkọsílẹ̀: ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ìwọ̀n eku, nọ́ńbà kéèjì. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ti ń ṣe é lọ, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ agbára sẹ́ńtírífúùjì ní × g (ìlọ́po agbára òòfà ilẹ̀), ẹ má kọ iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, torí ẹ̀rọ méjì tí apá wọn gùn jura wọn lọ kì í fi iye yíyí kan náà fún sẹ́ẹ̀lì ní agbára kan náà.

Sẹ́ẹ̀lì ṣáájú ẹranko

Àdánwò tí a fẹ́ kí gbogbo résídẹ́ǹtì kọ́kọ́ mọ̀ ni ti macrophage, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò mì tó sì ń ké sí àwọn yòókù. Mùdùnmúdùn eegun eku ni wọ́n ti ń tọ́ ọ dàgbà.

Ẹ gba eegun itan àti ojúgun eku tó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, ẹ ha ẹran ara rẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ rì í sínú ethanol 70% fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ gé orí àti ìdí rẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ 25G fi omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì tútù ṣan mùdùnmúdùn jáde títí eegun á fi funfun. Ẹ sẹ́ ẹ nínú asẹ́ 70 µm, ẹ fi omi ammonium chloride tú sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀, ẹ kà á. Ẹ da mílíọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún sínú àwo ike 10 cm, irú àwo tí wọn kò fi nǹkan sí kí sẹ́ẹ̀lì lè mọ́ ọn gírígírí, torí ẹ ó fẹ́ ká wọn kúrò lẹ́yìn náà. Oúnjẹ wọn ni 10 mL RPMI, omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, tó ní 10% omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tí wọ́n ti gbé sínú ooru 56°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àti M-CSF, purotéènì tó ń sọ sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn di macrophage, 20 ng/mL. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ẹ fi 5 mL kún un. Ní ọjọ́ keje wọ́n ti dàgbà, wọ́n sì ti mọ́ ìdí àwo. Ẹ fi PBS (omi iyọ̀ tó bá ti ara mu) tútù tó ní EDTA 2 mM ká wọn, ẹ pín mílíọ̀nù kan sí mL kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi di ọjọ́ kejì.

Nígbà náà ni ẹ ó fún wọn ní LPS, ọ̀rá ara bakitéríà tó ń gbé ìjà sókè, ní 100 ng/mL. TNF, IL-6 àti IL-1β ni purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pe ara sí ìjà. Tí TNF lẹ ń wá, ẹ gba omi orí sẹ́ẹ̀lì ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. IL-6 máa ń pọ̀ sí i títí di wákàtí mẹ́rìnlélógún. IL-1β kì í jáde dáadáa fún LPS nìkan. Ó fẹ́ ìpè kejì: lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi ATP 5 mM sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ló ń ju áńtíbọ́dì nù pé kò dára, nígbà tó jẹ́ pé ìpè kejì ni wọ́n gbàgbé.

LPS yìí kan náà ni ọ̀tá tó ń ba iṣẹ́ àjẹsára jẹ́ jù. Ó máa ń mọ́ ara ike, nítorí náà ẹ gbo ìgò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó lò ó. Èyí tó burú ni pé ó máa ń wà nínú nǹkan tí kò yẹ kó wà: nínú omi, nínú omi ẹ̀jẹ̀ màlúù, pàápàá nínú purotéènì tí wọ́n fi bakitéríà E. coli ṣe. Ẹ ra purotéènì, ẹ dà á sórí macrophage, TNF gbéra sókè, ẹ rò pé ẹ ti rí nǹkan ńlá. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ se purotéènì náà nínú omi híhó kí ẹ tún dà á sórí sẹ́ẹ̀lì. Ooru náà á ba ọ̀pọ̀ purotéènì jẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ba LPS jẹ́. Bí agbára rẹ̀ kò bá lọ, LPS lẹ ń dán wò látìgbà yẹn. Ìdánilójú tó ga ju ìyẹn lọ ni sẹ́ẹ̀lì eku C3H/HeJ, tí TLR4 rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tí kò sì gbọ́ ìpè LPS. Inú irú eku yìí ni ẹgbẹ́ Bruce Beutler ti rí i ní 1998 pé TLR4 ni ẹnu ọ̀nà tí LPS ń gbà, iṣẹ́ tó jẹ́ ara ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2011. Ẹgbẹ́ ìfiwéra tó dára lè sọ òtítọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ lórí eku: dídi àti lílu cecum

Sepsis ni ìgbà tí ìjà ara sí kòkòrò bá kọjá ààlà, tó ń ba ara fúnra rẹ̀ jẹ́. Àdánwò rẹ̀ tí oníṣẹ́ abẹ ń lò jù ni CLP: wọ́n á so apá kan cecum, àpò ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, wọ́n á lu ihò sí i, ìgbẹ́ á jò sínú ikùn, bó ṣe ń rí lára ẹni tí ìfun rẹ̀ já. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì rọrùn lójú oníṣẹ́ abẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ múra eku kí ẹ tó múra ara yín. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni kí gbogbo wọn ti wá. C57BL/6J àti C57BL/6N jọra lójú, àmọ́ àbùdá wọn yàtọ̀, ẹ má pò wọ́n. Kí wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, kí ìwọ̀n wọn wà láàárín 20 sí 25 g, kí wọ́n sì ti sinmi nínú ilé eku yín fún ọjọ́ méje, nítorí ìrìnàjò nìkan ń yí àjẹsára padà. Eku tó ń gbé kéèjì kan máa ń jẹ ìgbẹ́ ara wọn, bakitéríà inú wọn á sì di ọ̀kan. Bí gbogbo ẹgbẹ́ A bá wà ní kéèjì kan tí ẹgbẹ́ B wà ní òmíràn, ẹ kò ní mọ̀ bóyá oògùn ni tàbí kéèjì. Ẹ pín kéèjì kọ̀ọ̀kan sí ẹgbẹ́ méjèèjì. Láti 2016 sì ni NIH ti ń béèrè pé kí olùwádìí ronú lórí akọ àti abo, ẹ má ṣe fi akọ nìkan bẹ̀rẹ̀ láìní ìdí.

Láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀ ni kí ẹ máa ṣe é, nígbà gbogbo, torí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú aago. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó ṣe gbogbo eku inú àdánwò kan.

Ẹ fún eku ní buprenorphine 0.1 mg/kg lábẹ́ awọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ má lo àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen tàbí meloxicam, àfi bí ìwé àṣẹ yín bá ní ìdí tó yè kooro, nítorí ara wíwú tí ẹ fẹ́ kà gan-an ni wọ́n ń pa. Isoflurane 3 sí 4% ni ẹ ó fi kùn ún lóorun, ẹ dín in sí 1.5 sí 2%. Ẹ tẹ́ ẹ sórí páàdì gbígbóná 37°C, ẹ fi òróró sí ojú rẹ̀, ẹ fá ikùn, ẹ fi povidone-iodine àti ọtí nù ún nígbà mẹ́ta mẹ́ta.

Ẹ la àárín ikùn 1 sí 1.5 cm lórí ìlà funfun tí kò ní ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi ohun ìdìmú tí ẹnu rẹ̀ kò mú fa cecum jáde jẹ́jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ìfun kékeré tẹ̀lé e. Ẹ fi rúlà wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ibi tí ẹ fẹ́ so. Bí ẹ bá so ìdajì, 50%, sepsis ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Bí ẹ bá so 75%, ó le. Òwú silk 4-0 ni kí ẹ lò, ẹ sì so ó nísàlẹ̀ ibi tí ìfun kékeré ti wọlé. Bí òwú bá di ẹnu ọ̀nà ìfun yẹn, eku á kú, ṣùgbọ́n ìfun dídí ló pa á, sepsis kọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ 21G gún un lẹ́ẹ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ kan jáde sí ìkejì, níbi tí kò ti ní iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ kí ìgbẹ́ kékeré bí 1 mm yọ lójú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ dá a padà. Ẹ rán iṣan ikùn, ẹ rán awọ lọ́tọ̀. Ẹ fún un ní 1 mL omi iyọ̀ tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ awọ. Fún ẹgbẹ́ ìfiwéra, ohun gbogbo ni ẹ ó ṣe, títí kan fífa cecum jáde, àyàfi síso àti lílu.

Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ máa ń fẹ́ fọ ikùn, ó máa ń fẹ́ nu ẹ̀jẹ̀, ó máa ń fẹ́ tún ihò tó tóbi jù ṣe. Ẹ gbàgbé rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe sí eku kan tí ẹ kò ṣe sí èkejì ti wọ inú àbájáde.

Bí gbogbo eku bá kú kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé, ẹ yẹ ibi tí òwú wà wò, ẹ yẹ ooru páàdì wò, ẹ béèrè bóyá omi iyọ̀ tutù. Bí kò bá sí èyí tó ṣàìsàn, ihò ti dí, tàbí ìgbẹ́ kò yọ jáde. Bí àwọn kan bá kú tí àwọn kan ń ṣeré, ẹ lọ wo rúlà: ojú ni ẹ fi wọn ọ́n. Bí ẹyọ kan nínú ẹgbẹ́ ìfiwéra bá kú, ẹ dúró, torí oorun tàbí ọwọ́ ló pa á. Orí eku tó ti kú ni kí ẹ ti fi kọ́ ọwọ́, lẹ́yìn náà lórí èyí tí kò ní jí mọ́. Kò sí eku tí àbájáde rẹ̀ wọ ìwé kí ẹgbẹ́ kékeré ìdánrawò tó jáde bákan náà lẹ́ẹ̀mejì léra.

Ìpàdé àwọn olùwádìí sepsis tó wáyé ní Vienna ní 2017, tí ìmọ̀ràn rẹ̀ jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, rọ̀ wá pé kí a máa fún eku sepsis ní omi, oògùn ìrora àti apakòkòrò bí a ṣe ń fún ènìyàn. A fara mọ́ ọn. Aláìsàn wo ni wọ́n ń fi sílẹ̀ láìfún ní apakòkòrò? Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò ní gbogbo wákàtí mẹ́fà ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́: irun tó dìde, ojú tó dì, bó ṣe ń mí, bó ṣe ń dáhùn nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, àti ooru ara rẹ̀. Ìwé àṣẹ yín á ti sọ ìwọ̀n tó jẹ́ pé tí eku bá dé ibẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ pa á láìní ìrora. Ẹ tẹ̀ lé e ní òru náà, kì í ṣe ní ọ̀sán nìkan.

Gbígba ẹ̀jẹ̀ àti omi ikùn

Wákàtí mẹ́fà àti mẹ́rìnlélógún ni a máa ń lò jù. IL-6 wákàtí mẹ́fà máa ń tọ́ka sí eku tó ṣeé ṣe kó kú. Lábẹ́ oorun tó jinlẹ̀, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn eku, 0.5 sí 1 mL. Bí omi ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó dì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ yí i ní 2,000 × g fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pín in sí ìgò 50 µL 50 µL, ẹ gbé e sínú −80°C. Kí ìgò kọ̀ọ̀kan yọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún ikùn, ẹ fún 5 mL PBS tútù wọlé, ẹ fi ọwọ́ rọ́ ikùn, ẹ fà á padà, ẹ sì kọ iye tó jáde. Kí ẹ tó yí i, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún bakitéríà: ẹ bu omi là á ní ìlọ́po mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ tẹ́ 100 µL sórí blood agar, 37°C di ọjọ́ kejì, ẹ ka àwo tó ní 30 sí 300 nìkan.

ELISA

ELISA ni a fi ń wọn iye purotéènì bí IL-6 nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ikùn. Iṣẹ́ yìí ń jẹ ọjọ́ méjì, ó sì ń tú àṣírí ọwọ́ tí kò dúró. Ẹ fi áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ 100 µL bo ihò kọ̀ọ̀kan nínú pílétì oníhò 96, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ fi 1% BSA, purotéènì ẹ̀jẹ̀ màlúù, dí i fún wákàtí kan. Ìwọ̀n àfiwé: ẹ là á ní ìdajì ìdajì ní ìgbà méje, pẹ̀lú ihò kan tí kò ní nǹkankan. Gbogbo rẹ̀ ní méjì méjì. Wákàtí méjì fún àpẹẹrẹ, wákàtí méjì fún áńtíbọ́dì kejì, ogún ìṣẹ́jú fún streptavidin-HRP (HRP ni ẹ́ńsáìmù tó ń mú àwọ̀ jáde) nínú òkùnkùn, ogún ìṣẹ́jú fún TMB, omi tí HRP ń sọ di búlúù, lẹ́yìn náà 50 µL sulfuric acid. Ẹ kà á ní 450 nm, ẹ yọ 540 tàbí 570 kúrò nínú rẹ̀.

Bí gbogbo pílétì bá di búlúù, fífọ̀ ni kò tó. Bí kò bá sí àwọ̀ rárá, ẹ wò ó bóyá sodium azide wà nínú omi kan, torí azide ń pa HRP. Bí ihò etí bá yàtọ̀ sí ti àárín, ẹ to pílétì lórí ara wọn ni, ooru wọn kò dọ́gba. Àpẹẹrẹ tó ga ju òkè ìlà àfiwé lọ, ẹ là á kí ẹ tún un kà. Ẹ má fi rúlà fa ìlà náà gùn sí i. Omi ikùn eku CLP máa ń ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ kí ẹ fi àpẹẹrẹ méjì dán lílà wò kí ẹ tó ná odindi pílétì.

Kíka sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀

Flow cytometry yóò sọ irú sẹ́ẹ̀lì tó wọ ikùn. Ẹ fi àwọ̀ tó ń ya òkú sí ààyè kùn wọ́n nínú PBS tí kò ní purotéènì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ purotéènì á mu àwọ̀ náà. Ẹ fi áńtíbọ́dì CD16/32 dí ẹnu Fc fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí macrophage á di áńtíbọ́dì èyíkéyìí mú bí wọn kò bá dí ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi áńtíbọ́dì aláwọ̀ fún àwọn àmì ara sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí sí i: CD45, CD11b, Ly6G, Ly6C, F4/80, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí yìnyín nínú òkùnkùn. Neutrophil, sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń tètè dé ibi ìjà, ni CD11b àti Ly6G jọ wà lára rẹ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìgò tirẹ̀ nìkan, ẹ sì tún ṣe ìgò tí gbogbo àwọ̀ wà nínú rẹ̀ àyàfi ọ̀kan. Ìyẹn ni ẹ ó fi mọ ibi tí ìlà yẹ kó gbà. Ẹ kọ́ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ résídẹ́ǹtì tó ṣáájú yín.

Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn

Níbi tí kò bá ti sí ilé eku, bó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ìwádìí tó níye lórí ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ẹ ń ṣiṣẹ́ abẹ fún: ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kẹta. Dókítà tó ń ṣe ìwé ìwádìí ìparí rẹ̀ lè fi IL-6 àti kíka sẹ́ẹ̀lì ṣe iṣẹ́ tó yè. Àṣẹ ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí ilé ìwòsàn yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá máa kúrò ní ìlú, ẹ béèrè lọ́dọ̀ wọn nípa ìwé àdéhùn fífi àpẹẹrẹ ránṣẹ́ kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ sínú heparin tàbí EDTA, ẹ fi PBS là á ní dọ́gbadọ́gba, ẹ jẹ́ kí Ficoll, omi wúwo tó ń ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, àti ẹ̀jẹ̀ wà ní ooru yàrá. Ẹ dá ìgò sùn díẹ̀, ẹ rọra da ẹ̀jẹ̀ sórí Ficoll lẹ́bàá ògiri ìgò kó lè léfòó bí epo pupa lórí omi. Ẹ yí i ní 400 × g, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ sì pa bíréèkì sẹ́ńtírífúùjì. Bí bíréèkì bá ṣiṣẹ́, ìlà á pò pọ̀, ẹ ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Awọ funfun tó wà láàárín ni lymphocyte àti monocyte, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ẹ ń wá. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mílíọ̀nù kan sí méjì láti inú mL ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń jáde lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Kí ẹ lè tọ́jú wọn, 90% omi ẹ̀jẹ̀ màlúù àti 10% DMSO, kí wọ́n tutù ní ìwọ̀n 1°C ní ìṣẹ́jú kan. Neutrophil ní tirẹ̀ kò ṣeé tọ́jú nínú yìnyín, ọjọ́ tí ẹ gbà á náà ni kí ẹ lò ó, láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Bí iná kì í bá dúró níbi tí ẹ wà, ẹ so fíríìsà mọ́ inverter kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀ kankan, ẹ fi ohun tó ń kọ ooru sílẹ̀ sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pín àpẹẹrẹ aláìsàn kọ̀ọ̀kan sí fíríìsà méjì.

Iye, àti ẹni tí kò mọ ẹgbẹ́

Ẹ lọ bá onímọ̀ ìṣirò kí ẹ tó ra eku. Ẹ sọ ìyàtọ̀ tó kéré jù tí ẹ bìkítà fún, yóò fi agbára 80% láti rí ìyàtọ̀ náà bó bá wà, àti àyè 5% fún àṣìṣe bí kò bá sí, sọ iye eku tí ẹ nílò. Ihò mẹ́ta láti ara eku kan, eku kan ṣì ni. Bí gbogbo macrophage yín bá ti ara eku kan wá, iye yín jẹ́ ọ̀kan, bó ti wù kí pílétì pọ̀ tó. Kí ẹlòmíì kọ nọ́ńbà sára ìgò, kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á má mọ èyí tí oògùn wà lára rẹ̀. Ẹ kọ ìdí tí ẹ ó fi yọ eku kan kúrò sílẹ̀ kí àdánwò tó bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti rí nọ́ńbà, kò sí eku burúkú tí kò ní ìdí. Fún wíwàláàyè ẹ lo ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní log-rank. Fún bakitéríà, ẹ fi logarithm kà á.

Oṣù méjì tó kẹ́yìn

Kí àdánwò tuntun dúró. Ẹ kọ ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde nígbà tí ẹ ṣì lè rìn dé bẹ́ǹṣì láti tún àwòrán kan ṣe, nítorí oru kẹta wọ́ọ̀dù kò ní jẹ́ kí ẹ ráyè. Ẹ to fíríìsà: orúkọ àdánwò, ọjọ́, irú àpẹẹrẹ, nọ́ńbà àpótí, lórí ìwé kan tí ẹni tí kò bá yín rí lè kà. Ẹ da ìgò tí kò ní orúkọ nù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gba ipò yín ṣe CLP lójú yín, láti fífá irun dé rírán awọ, kó sì ka IL-6 eku tó ṣe. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá bọ́ sáàárín tiyín, ẹ lè máa lọ.